Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kú, Ó Fi Ọmọ Rẹ̀ Rọ́pò: Enda Kenny àti Ìjókòó Bàbá Rẹ̀

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1975, ọlọ́jọ́ dé bá Henry Kenny, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú tí ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Mayo rán lọ sí Dáil, èyí tí í ṣe ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí àwọn ará ẹkùn náà fi tún jáde láti dìbò yan ẹni tí yóò bọ́ sí ipò olóògbé. Ẹni tí wọ́n yàn ni Enda, ọmọ rẹ̀, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni ọdún 24. Kò sí ẹni tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí nínú ilé náà lọ́jọ́ tí ó wọlé. Láti ọdún 1954 ni bàbá ti wà lórí ìjókòó yẹn. Ọmọ kò sì dìde kúrò lórí rẹ̀ títí di ọdún 2020. Bí a bá ka ti bàbá mọ́ ti ọmọ, ó lé ní ọdún 65 tí agbolé kan ṣoṣo fi ń ṣojú àwọn ará Mayo.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí mú ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ oyè ìdílé ronú. Írẹ́lándì kì í ṣe ilẹ̀ ọba. Orílẹ̀-èdè olómìnira ni, òfin rẹ̀ kò sì fún ọmọ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ sí ìjókòó bàbá rẹ̀. Kò sí afọbajẹ tí ó pe orúkọ Enda Kenny níwájú Ifá. Ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú Fine Gael ni ó fà á kalẹ̀, àwọn olùdìbò ni ó sì gbé e wọlé níṣojú àwọn alátakò tí wọ́n ń du ipò kan náà. Síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ kì í ṣe àrà ọ̀tọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí bàbá Brian Cowen kú ní ọdún 1984, Brian náà, ẹni ọdún 24, ni wọ́n dìbò fún láti rọ́pò rẹ̀. Brian Lenihan gba ìjókòó bàbá rẹ̀ ní 1996, Simon Coveney gba ti bàbá tirẹ̀ ní 1998. Nígbà tí Enda Kenny fúnra rẹ̀ ti di olórí ìjọba, Shane McEntee, mínísítà kékeré nínú ìjọba rẹ̀, kú ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Ní oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Helen ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀, òun náà sì wọlé. Cowen di olórí ìjọba ní 2008, Kenny sì gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ ní 2011. Ẹgbẹ́ òṣèlú wọn yàtọ̀, wọn kò sì jọ nífẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìṣèlú, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọlé: ikú bàbá, ní ẹni ọdún 24.

Kì í ṣe àṣà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin tiwọn borí ilẹ̀ náà, ọba púpọ̀ ni àwọn Gael ní, ti ìlú ńlá àti ti ìlú kékeré. Oyè kì í ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ àkọ́bí tààrà. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ti ara bàbá-ńlá kan ṣoṣo wá títí dé ìran kẹrin, tí wọ́n ń pè ní derbfhine, ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, láàárín wọn ni wọ́n sì ti ń yan ẹni tí ó bá tọ́. Nígbà mìíràn wọn a ti yan àrólé sílẹ̀ nígbà tí ọba ṣì wà láàyè. Tánaiste ni orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1608, ilé-ẹjọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé àṣà yìí kò bófin mu mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kò kú. Nígbà tí wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń lò títí di òní ní 1937, Taoiseach, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ aṣíwájú, ni wọ́n fi pe olórí ìjọba, Tánaiste sì ni wọ́n fi pe igbákejì rẹ̀. Fine tí ó wà nínú orúkọ ẹgbẹ́ Kenny pàápàá, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí kò nílò ògbufọ̀. Ilé tí oyè kàn kì í fara sin. Èwo nínú àwọn ọmọ oyè ni yóò jẹ ẹ́ ni ó di ọwọ́ àwọn tí ń yàn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dìbò náà ń ti àṣà yìí lẹ́yìn. Ẹkùn kan kì í rán ẹnì kan ṣoṣo lọ sí Dáil. Mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni. Olùdìbò kì í tẹ̀ka. Ńṣe ni ó ń kọ 1 sí iwájú orúkọ ẹni tí ó fẹ́ jù, 2 sí iwájú ẹni tí ó tẹ̀ lé e, títí dé ibi tí ó bá wù ú. Bí ẹni tí ó kọ 1 fún kò bá rọ́wọ́ mú, tàbí tí ìbò rẹ̀ bá ti pọ̀ ju èyí tí ó nílò lọ, ìbò náà lè ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì. Nítorí náà ọmọ ẹgbẹ́ kan náà a máa bá ara wọn du ìbò ní ẹkùn kan, wọn kò sì lè fi ètò ẹgbẹ́ dù ú nítorí pé ètò kan náà ni gbogbo wọn ní. Ojúlùmọ̀ ni wọ́n ń fi dù ú. Ta ni ó wá síbi ìsìnkú ìyá mi? Ta ni ó kọ̀wé sí ìjọba nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi há? Ọmọ ta ni?

Ní ti Henry Kenny, ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kò ṣòro. Kí ó tó di òṣèlú ni gbogbo Mayo ti mọ̀ ọ́n. Ó wà lára ọ̀wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù Mayo tí wọ́n borí Laois ní 1936 láti gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Írẹ́lándì nínú bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá. Ní ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà láti ìran dé ìran nítorí àìríṣẹ́, ẹni tí ó gbé irú ife bẹ́ẹ̀ wálé kò ní í di ẹni ìgbàgbé.

Ṣùgbọ́n bí orúkọ bàbá bá lè ṣílẹ̀kùn, kò fi dandan gbé ọmọ wọlé. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ẹkùn kan náà. Ní 1993, Pádraig Flynn tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Fianna Fáil fi ìjókòó rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Mayo sílẹ̀ láti lọ ṣiṣẹ́ ní àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n dìbò láti rọ́pò rẹ̀ ní 1994, Beverley ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde. Michael Ring, tí kò ní bàbá kankan ní Dáil, ni ó borí rẹ̀. Beverley dúró ọdún mẹ́ta kí ó tó wọlé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun tí ó fa ìyàtọ̀ ni pé òkú sùn ní 1975, òkú kò sì sùn ní 1994. Ọ̀pọ̀ ìbò tí a dì fún ọmọ olóògbé, ìbáni-kẹ́dùn ni. Wọ́n fi ń sin bàbá tán ni. Bí bàbá bá wà láàyè tí ó kàn gba ibòmíràn lọ, ojú ogún ni aráyé fi ń wo ọmọ, ojú ogún kò sì dùn ún wò nínú ìjọba tí a ní kí gbogbo ènìyàn jọ dù.

Ẹni tí ó bá rò pé ìjókòó bàbá ń sáré gbé ọmọ dé ibi gíga, kí ó wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Enda Kenny kàn wà níbẹ̀ ni. Ó ṣe mínísítà kékeré fún ọdún kan ó lé díẹ̀ láti 1986. Ó ṣe mínísítà fún ìrìn-àjò afẹ́ àti òwò láti 1994 títí di 1997 nínú ìjọba John Bruton. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni ọ̀yàyà, ìtàn dídùn, àti pé bí ó bá bọ ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó mọ orúkọ rẹ̀ títí ayé. Àwọn onímọ̀ ní Dublin kò kà á sí. Ní 2001, nígbà tí ẹgbẹ́ yọ Bruton, ó du ipò olórí, Michael Noonan sì borí rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni àjálù dé. Nínú ìbò 2002, ìjókòó Fine Gael já wálẹ̀ láti 54 sí 31. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń ṣubú bí igi tí ìjì wó, díẹ̀ ni ó sì kù kí Kenny fúnra rẹ̀ pàdánù ní Mayo. Noonan fi ipò sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá yẹ inú ilé wò kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó kù, ọmọ Henry ni wọ́n bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di olórí ẹgbẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2002, ní ẹni ọdún 51.

Iṣẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn náà jọ ti bàbá tí ó bá ahoro nílẹ̀ tí ó ń mọ ọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó ń ti ìlú dé ìlú, ó ń wá àwọn tí yóò du ipò, ó ń jókòó nínú gbọ̀ngàn tí kò kún. Ní 2007 ó gbé ẹgbẹ́ dé ìjókòó 51, ṣùgbọ́n Bertie Ahern tún fi ọgbọ́n kó ìjọba jọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn bánkì ilẹ̀ náà wó ní 2008, tí ìjọba fi owó ìlú ṣe onídùúró fún gbèsè wọn, gbogbo ènìyàn rò pé ọjọ́ Kenny dé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2010, ìwádìí èrò ará ìlú fi hàn pé ẹgbẹ́ Labour ti ń ṣíwájú Fine Gael. Richard Bruton, igbákejì rẹ̀, sọ pé òun kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ jókòó níwájú ní Dáil, àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé, tí ó mọ ọ̀rọ̀ ọ fi nọ́ńbà gbè lẹ́sẹ̀, kọ́wọ́ rìn pẹ̀lú Bruton. Leo Varadkar àti Simon Coveney wà lára wọn. Kenny yọ Bruton nípò, ó ní kí ẹgbẹ́ dìbò, ó sì borí.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìborí yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ ìṣàkóso ènìyàn dúró lé lórí. Nígbà tí ó di Taoiseach ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2011, ó fi Bruton, Varadkar àti Coveney ṣe mínísítà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sì fi Noonan tí ó borí rẹ̀ ní 2001 ṣe mínísítà ètò ìnáwó. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ń ṣe òṣèlú láti ọjọ́ tí ó ti gbọ́n mọ̀ pé ẹni tí a bá jà ní àná lè jẹ́ ẹni tí a ó jọ ru òkú lọ́la.

Ìbò tí ó gbé e dé ibẹ̀ kò ní irú rẹ̀. Fine Gael ní ìjókòó 76. Fianna Fáil, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe ìjọba bí ẹni pé ogún rẹ̀ ni, ṣẹ́ kù sí 20. Ní Mayo, mẹ́rin nínú ìjókòó márùn-ún ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kó. Ṣùgbọ́n àpò tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ ti lu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010 ni ìjọba Cowen ti gba ètò ìrànwọ́ bílíọ̀nù 85 owó yúrò lábẹ́ àbójútó Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti àjọ IMF, àwọn tí ó yáni lówó ni ó sì ń pàṣẹ ohun tí a ó gé. Ìjọba àjùmọ̀ṣe Kenny àti Labour gé owó, ó gbé owó orí sókè, àwọn ọ̀dọ́ tún gbé àpò wọn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wọn ti ṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, Írẹ́lándì jáde kúrò lábẹ́ ètò náà, òun ni ó sì kọ́kọ́ jáde nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń ná yúrò tí ọ̀ràn náà kàn.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni wọn yóò fi rántí rẹ̀ jù, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ rò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2011, ìwádìí ìjọba jáde lórí bí àwọn alákòóso ìjọ Àgùdà ní Cloyne ṣe bo ẹ̀sùn àwọn ọmọdé tí àlùfáà bà jẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn tí àlùfáà ará Írẹ́lándì kọ́ níwèé ní ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ ohun tí ìjọ náà jẹ́ fún àwọn ènìyàn yẹn: òun ni ó ń kọ́ ọmọ wọn, òun ni ó ń wo aláìsàn wọn, òun ni ó sì ń sin òkú wọn. Kò sí Taoiseach kan rí tí ó dojú ọ̀rọ̀ kọ Vatican níbi tí gbogbo ayé ti ń gbọ́. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, Kenny dìde ní Dáil. Ọmọ ìjọ ni, ẹni tí kì í pa ìsìn jẹ. Ó sì sọ pé àwọn tí ó wà lókè ní Vatican fi ojú kékeré wo ìyà àwọn ọmọdé kí agbára àti orúkọ wọn má baà bàjẹ́. Vatican pe aṣojú rẹ̀ padà sí ilé. Ní oṣù kọkànlá, Írẹ́lándì ti ilé aṣojú tirẹ̀ ní Vatican, ó ní nítorí owó ni, kò sì ṣí i padà títí di 2014. Ní 2013, nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí òfin oyún ṣíṣẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là, ó tún là á mọ́lẹ̀ pé òun jẹ́ Taoiseach tí ó ń ṣe ìjọ Àgùdà, pé òun kì í ṣe Taoiseach ti ìjọ Àgùdà.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ. Láti ọdún 1922 títí di 1996, bí 10,000 obìnrin ni wọ́n kó sí àwọn ilé tí àwọn Sístà ń ṣàkóso, tí wọ́n ń fọṣọ láìgba owó iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò jáde. Àwọn kan jẹ́ ọmọ òrukàn, àwọn kan lóyún láìní ọkọ, àwọn kan kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìjọba náà lọ́wọ́ sí i. Ní ọjọ́ kárùn-ún oṣù kejì ọdún 2013 tí ìwádìí jáde, ọ̀rọ̀ tí Kenny kọ́kọ́ sọ kò tó. Ó kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì fún orílẹ̀-èdè. Àwọn ìyá àgbà náà bínú. Ó lọ bá wọn, ó jókòó tì wọ́n, ó gbọ́ ẹjọ́ wọn láti ẹnu tiwọn. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà ó padà sí Dáil, àwọn obìnrin náà jókòó lókè tí wọ́n ń wò ó, ó sì tọrọ àforíjì lórúkọ Írẹ́lándì láìfi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Nígbà tí ó dé òpin, omi bọ́ lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ há. Àwọn aṣojú dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àwọn obìnrin náà. Bàbá rẹ̀ ti jókòó sí ilé aṣòfin yẹn fún ọdún 21, òun náà ti wà níbẹ̀ fún 37, nígbà tí àwọn ilé wọ̀nyí ṣì ń gba ènìyàn wọlé. Ẹni tí ó jogún ìjókòó jogún gbèsè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ni ó gún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ó ní kí ará ìlú fi ìbò pa ilé aṣòfin àgbà rẹ́, ó sì kọ̀ láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ níwájú tẹlifísọ̀n. Wọ́n kọ̀ ọ́ fún un. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ilé máa san owó omi, ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn tú jáde sí ìgboro. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ìbò ará ìlú fún ọkùnrin àti ọkùnrin, obìnrin àti obìnrin láṣẹ láti ṣègbéyàwó, ìdá 62 nínú 100 ni ó fọwọ́ sí i. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́ Kenny kì bá tí sọ ní 1975, àwọn tí ó dìbò fún un nígbà náà kì bá sì ti gbọ́ ọ.

Ọdún 2016 ni agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ìjókòó Fine Gael já sí 50, ti Labour já sí 7 láti 37. Fún bí ọjọ́ 70 kò sí ìjọba. Níkẹyìn, Fianna Fáil tí ó jẹ́ ọ̀tá àtayébáyé gbà láti jókòó sí ẹ̀yìn kí ó má sì bi í ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di olórí Fine Gael àkọ́kọ́ tí ó ṣe Taoiseach ní ìgbà méjì léra. Ṣùgbọ́n ìjókòó lórí àánú ọ̀tá kì í pẹ́.

Ẹnu ni ó wá kó bá a. Ní oṣù kejì ọdún 2017, wọ́n ń ṣe awuyewuye lórí ọlọ́pàá kan, Maurice McCabe, tí ó tú àṣírí ìwà àìtọ́ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n sì ti bà lórúkọ jẹ́. Kenny sọ lórí rédíò pé òun ti bá ọ̀kan nínú àwọn mínísítà òun sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ pàdé ọlọ́pàá náà. Nígbà tí ó yá, ó hàn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wáyé. Ó jẹ́wọ́ ní Dáil pé òun kò ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí ó ti yẹ, pé òun ni ó jẹ̀bi. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí onítàn dídùn ti sọ ìtàn kan tí kò ṣẹlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ sì rí àyè. Wọ́n jẹ́ kí ó lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kẹta fún àjọ̀dún Patrick Mímọ́, ẹni tí àwọn Àgùdà Nàìjíríà náà kà sí alábòójútó orílẹ̀-èdè wọn. Níbẹ̀, pẹ̀lú Ààrẹ Donald Trump lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rán wọn létí pé aṣíkiri ni Patrick, pé Írẹ́lándì pàápàá ti kó òtòṣì àti ẹni ebi ń pa wá sí etíkun yẹn rí. Ọ̀rọ̀ ará Mayo ni. Ní oṣù karùn-ún ó kéde pé òun ń fi ipò olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, Leo Varadkar borí Simon Coveney nínú ìbò ẹgbẹ́: ọmọ dókítà tí ó ti Íńdíà wá borí ọmọ tí ó jogún ìjókòó bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, Varadkar, ẹni ọdún 38, di Taoiseach.

Kenny padà sí ìjókòó ẹ̀yìn níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àgbà ilé tí kò sí ẹni tí ó pẹ́ tó o níbẹ̀, ó sì ń wò wọ́n. Nígbà tí ìbò oṣù kejì ọdún 2020 dé, kò jáde, kò sì sí ọmọ rẹ̀ kankan lórí ìwé ìbò. Àwọn méjì ni Fine Gael mú wọlé ní Mayo. Ọ̀kan ni Michael Ring, ẹni tí ó borí ọmọ Flynn ní 1994. Ìkejì ni Alan Dillon, tí kò tíì wọ Dáil rí. Ohun tí àwọn ará Mayo mọ̀ ọ́n sí ni pé ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá bọ́ọ̀lù fún wọn.